Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Gun Òkè Ọya

Ẹ jókòó, ẹ sì dákẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni dá mi dúró, n kò ní padà sórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Èmi Ọdẹ́jídé ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ lé títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi tí mo gun igi ìrókò tí mo bá àwọn tó ni igi náà ṣe àríyànjiyàn títí wọ́n fi bẹ̀ mí pé kí n máa lọ, pé ẹnu mi ti pọ̀ jù. Gbogbo èyí ni mo ṣe tí n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje ní ibi tí Àríwá wà àti ibi tí Gúúsù wà ní orílẹ̀-èdè wa yìí, mo ráhùn, mo kanra, orí mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní olùkọ́ ilé-ìwé ládùúgbò yín, ẹ máa kí i dáadáa, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ le ju iṣẹ́ ọdẹ lọ. Bí ẹran bá ń sá fún ọdẹ, ọdẹ yóò rí i pé ó ń sá. Ọmọdé á jókòó síwájú rẹ, á máa wò ọ́ lójú, á máa mi orí, ọkàn rẹ̀ á sì ti jìnnà sí ọ ju ìgalà tó gbọ́ ìró ìbọn lọ.

Ọmọ tí mò ń wí yìí, Àrìnpé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí inú Ọdẹ́rónkẹ́, ọmọ mi obìnrin, ni. Nọ́ọ̀sì ni Ọdẹ́rónkẹ́. Iṣẹ́ ìjọba gbé e lọ sí Kánò, ó sì mú ọmọ wá sọ́dọ̀ mi ní abúlé wa, Ìdí-Àfọ̀n, pé kí n bá òun mójú tó o títí òun yóò fi rí ilé tó dára níbẹ̀. Ó ní kò ní pẹ́. Ẹni tó bá ti wá ilé rí yóò mọ̀ pé "kò ní pẹ́" a máa pẹ́. Láràárọ̀ ni Àrìnpé máa ń bi mí pé, "Bàbá àgbà, ibo ni màámi wà?" Màá ní, "Kánò." Á ní, "Ibo ni Kánò wà?" Màá ní, "Àríwá." Á ní, "Ibo ni Àríwá wà?" Màá nawọ́ sókè bákan ṣá, màá ní, "Ọ̀hún." Á ní, "Ọ̀hún ibo?" Nígbà tí mo dáhùn títí tí ẹnu ń ro mí, mo pinnu pé n ó kọ́ ọ ní gbogbo apá ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n lè simi. Mo rò pé ẹni tó lè kọ́ ajá ní ọdẹ ṣíṣe lè kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun gbogbo. Irọ́ gbáà ni.

Mo ti kan awọ ẹtu kan mọ́lẹ̀ ní àgbàlá lọ́jọ́ náà kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Mo pe ọmọ náà, mo fi ọ̀pá tọ́ka sí awọ. Mo ní, "Àrìnpé, fojú sí i. Ká ní awọ yìí ni Nàìjíríà. Apá ọrùn lókè yìí ni Àríwá, ibẹ̀ ni ìyá rẹ wà. Apá ìrù nísàlẹ̀ ni Gúúsù, òkun ló wà níbẹ̀. Odò Ọya ti ẹ̀gbẹ́ òsì wá báyìí, odò Bẹ́núé ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wá, wọ́n pàdé níbi ikùn, ìyẹn Lọ́kọ́ja, wọ́n sì jọ ṣàn lọ sókun. Àwa Yorùbá wà nísàlẹ̀ lápá òsì, Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Àwọn Ígbò wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Àwọn ará etí òkun tí wọ́n ń wa epo rọ̀bì wà nídìí ìrù gan-an, Gúúsù-Gúúsù. Àríwá lókè náà pín sí mẹ́ta, ìwọ̀ rẹ̀, ìlà rẹ̀, àti àárín gbùngbùn rẹ̀." Inú mi dùn sí ara mi. Mo wò ó pé kò sí ìwé tó lè là á yé ènìyàn jù báyìí lọ. Ọmọ náà wo awọ náà títí, ó yí i po, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Bàbá àgbà, ta ló pa Nàìjíríà?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó pa á. Ẹtu ni mo pa." Ó ní, "Ta ló wá jẹ ẹran apá ibi tí màámi wà?" Ẹ̀yin ará, n kì í purọ́ fún ọmọdé. Ọrùn ẹtu náà ni mo fi jẹ iyán lánàá. Mo ní, "Èmi ni." Áà, igbe tí ọmọ yìí ké, àwọn ará ilé kejì fò kọjá ọgbà wá wò ó bóyá ejò ni. Ó ní bàbá àgbà ti jẹ Kánò, ó ní ó ti fi iyán jẹ ẹ́. Títí di òní olónìí, àwọn aláìníṣẹ́ kan wà lábúlé wa tí wọ́n ń pè mí ní Ajẹ-Kánò, mo sì mọ gbogbo wọn lórúkọ. Kí ọmọ náà lè dákẹ́ ni mo ṣe ní, "Ó tó, ó tó. Kánò wà níbi tó wà. Òkè Ọya ni ìyá rẹ wà, kò sí ẹni tó lè jẹ Òkè Ọya." Gbogbo yín mọ̀ pé bí Yorùbá bá ní Òkè Ọya, òdìkejì odò Ọya ló ń wí, ilẹ̀ Àríwá lọ́hùn-ún. Kò sí òkè kan nínú ọ̀rọ̀ náà tí ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí mo ti sọ ọ́ báyìí ni ẹkún dá. Ọmọ náà nu ojú, ó yíjú sí òkè ńlá tó yọ orí lẹ́yìn Igbó Aṣinilọ́nà, ó tẹjú mọ́ ọn. Mo ní ọpẹ́ ni. Mo lọ sùn.

Nígbà tí mo jí, n kò rí Àrìnpé. Mo pè é títí. Oyèékúnlé adẹ́mu ló ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igbá rẹ̀ lórí, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ kú ìsinmi o. Mo pàdé ọmọ yín lójú ọ̀nà igbó. Ó fi bàtà kọ́ ọwọ́, ó ní òun ń lọ gun Òkè Ọya, pé màámi òun wà lórí rẹ̀." Mo ní, "Kí ni ìwọ wá ṣe?" Ó ní, "Mo ní kó máa rọra." Mo ní, "Oyèékúnlé, ọmọ tí kò ga tó igbá ẹmu rẹ ń dá wọ Igbó Aṣinilọ́nà, o ní kó máa rọra." Ó ní òun rò pé èmi ni mo rán an ni, nítorí èmi ni mo máa ń sọ nídìí ẹmu pé kò sí ibi tí n kò mọ̀ nílẹ̀ yìí. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ ń bẹ nínú igbó, èmi àti ọkùnrin yẹn ì bá jìjà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ fún yín gbangba. Èmi ni ìyá rẹ̀ gbé e lé lọ́wọ́, bí igbó bá gbé e mì, kí ni n ó sọ fún Ọdẹ́rónkẹ́?

Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo kó ẹ̀tù sí àpò, mo wọ igbó. Ẹ̀yin mọ igbó náà ní gbígbọ́, ẹ kò mọ̀ ọ́n ní wíwọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ a máa yí ẹni padà láìjẹ́ kí ẹni mọ̀. Ọkùnrin kan gba ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ rí, ojúlé àwọn àna rẹ̀ ló já sí, kò sì mú ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo lè wo ipasẹ̀ òkété kí n sọ bóyá ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi ni n kò ní dá mọ̀? Mo rí ibi tó ti jókòó yọ ẹ̀gún. Mo rí ibi tó ti dúró bá ìkarahun ìgbín ṣeré. Mo ń tọ̀ ọ́ lọ títí mo fi kan iwin kan tí ó jókòó sáàárín ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ó sì nà án dí ọ̀nà pátápátá. Mo ní, "Gbé ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi ni mò ń wá." Ẹlẹ́sẹ̀-Kan ní, "Aáṣáà kọ́kọ́." Mo bu aáṣáà fún un, ó fín in, ó sín, ewé igi wọ́ lé wa lórí. Ó ní, "Àlọ́ ló kù. Kí ló ń lọ lójoojúmọ́, tí kò dẹ́kun lílọ, síbẹ̀ tí kò kúrò lọ́dọ̀ wa?" N kò jẹ́ kó pa ẹnu dé. Mo ní, "Odò ni. Gbé ẹsẹ̀."

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́, inú bí i pé mo tètè gbà á. Ó ní, "Mo pa á fún ọmọ rẹ náà. Ó ní màámi òun ni." Mo ní, "Kí lo wá wí?" Ó ní, "Mo ní kò gbà á, odò ni. Ó ní èmi ni n kò mọ màámi òun. Mo tún ní odò ni. Ó ní ṣé odò máa ń fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìkọ́ bí ó bá ń lọ ni. Ọdẹ, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dí ọ̀nà yìí, ẹnikẹ́ni kò dá mi lágara bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ẹsẹ̀ fún un kí n lè simi." Mo ní, "O ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i báyìí ni. Èmi ń bá a gbé." Ìyẹn ló jẹ́ kí àánú mi ṣe é díẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún mi pé Ojúmẹ́rin, ẹni tó ń ṣọ́ ààlà igbó, ti mú ọmọ náà, ó sì ń fi í ṣe pèrègún. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ àgbẹ̀, ẹ mọ̀ pé pèrègún ni à ń gbìn láti fi mọ ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà ni ibi tí Ojúmẹ́rin ti ń rí tirẹ̀.

Mo sáré dé gbangba kan. Pèrègún ló tò yí ibẹ̀ ká, gbogbo wọn kò ga ju ọmọdé lọ. Ojúmẹ́rin dúró láàárín, ọrùn kan, ojú mẹ́rin. Ojú tó kọ sí Àríwá, eruku ọyẹ́ bò ó, ètè rẹ̀ sì là. Ojú tó kọ sí Gúúsù, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú Ìlà-Oòrùn ń ṣẹ́jú nítorí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ti ta á fún ọdún gbọọrọ, ojú Ìwọ̀-Oòrùn sì ń yán. Àrìnpé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ àgbálùmọ̀. Ilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó lè yí sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n kò lè fà á yọ. Ewé tútù kan ti hù lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ káàbọ̀. Àgbálùmọ̀ yìí dùn." N kò mọ bí n ó ti kí ẹ̀dá tó dì í mú. Bí mo bá ní "ìwọ", ojú mẹ́rin ni mo rí. Bí mo bá ní "ẹ̀yin", ọrùn kan ni wọ́n jọ ń lò. Mo kúkú ní, "Mo kí gbogbo ilé," mo sì na ìbọn sí wọn.

Ojú Ìwọ̀-Oòrùn yán, ó ní, "Èwo nínú wa lo fẹ́ yìn ín fún? Bí o bá yìn ín fún mi, mẹ́ta ṣẹ́ kù, ọmọ rẹ yóò sì ti di igi kí o tó tún ẹ̀tù kì." Òótọ́ ló sọ, ṣakabùlà kì í ṣe ohun tí à ń kánjú kì. Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ojú Àríwá ní, "A kì í jí ọmọ gbé, ọdẹ. Iṣẹ́ wa ni láti dá ẹni tó ṣìnà padà sí apá tó ti wá. A bi ọmọ yìí níbi tó ti wá, ó ní ilé. A bi í níbi tó ń lọ, ó ní Òkè Ọya. A ní kó nawọ́ sí Òkè Ọya, ó nawọ́ sí òkè tí ewúrẹ́ yín ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ apá kankan kò ní apá tí a ó dá a padà sí." Mo ní, "Ọmọdé ni." Ojú Gúúsù ní, "Pèrègún náà, ní kékeré la ti ń gbìn ín." Mo bẹ̀, mo halẹ̀, mo tún bẹ̀. A wá fẹnu kò pé kí n kọ́ ọmọ náà títí oòrùn yóò fi kan orí igi ọ̀mọ̀ kan tó wà lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Nígbà náà ni wọn yóò bi í. Bí ó bá gbà á, tèmi ni. Bí kò bá gbà á, kí n máa lọ láìwẹ̀yìn.

Ẹ wá gbọ́ ìyà. Mo ní, "Àrìnpé, kọ ẹ̀yìn sí oòrùn." Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní, "Ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí lẹ́yìn rẹ ni Ìwọ̀-Oòrùn. Ibi tó ti ń yọ níwájú rẹ ni Ìlà-Oòrùn. Ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ọwọ́ tí a fi ń jẹun, ni Gúúsù. Ọwọ́ kejì ni Àríwá. Ó yé ọ?" Ó ní, "Ó yé mi." Mo ní, "Ibo ni Àríwá?" Ó na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ. Ojúmẹ́rin fi ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Gúúsù nìyẹn. Ọwọ́ wo lo fi ń jẹun?" Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, oje àgbálùmọ̀ sì wà lára rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ bá a wí, mo bá a wí, a fi okùn so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí, ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi jẹun. Mo ní, "Ó dáa. Àríwá ni ọwọ́ tí ìwọ fi ń jẹun." Ó ronú, ó yí padà kọjú sí oòrùn, ó ní, "Bàbá àgbà, Àríwá ti bá mi yí." Mo ní, "Kò yí, ìwọ lo yí." Ó ní, "Ẹ ní ọwọ́ tí mo fi ń jẹun ni. Ọwọ́ náà rèé." Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ dá mi lóhùn, kí lẹ bá sọ fún un?

Bí ó bá jẹ́ ọmọ nìkan ni, ì bá sàn. Àgbà mẹ́rin ń dá sí i. Ojú Gúúsù ní kí n má fi àkókò ṣòfò, pé omi ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú Àríwá ní, "Omi wo? Pápá ni, gbogbo rẹ̀ gbẹ." Ojú Ìlà-Oòrùn ní ilẹ̀ ti mọ́ níbi gbogbo, ojú Ìwọ̀-Oòrùn ní ilẹ̀ ń ṣú. Ọrùn wọn kò ṣeé yí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí ohun tí ẹnìkejì ń rí rí, olúkúlùkù sì dá ara rẹ̀ lójú pé tòun ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n panu mọ́, pé àwọn gan-an ni wọ́n nílò olùkọ́. Mo ya àwòrán ilẹ̀ wa sórí iyanrìn, mo ya odò méjèèjì. Àrìnpé ní, "Ẹtu tí ẹ jẹ nìyẹn, n kò fẹ́ wò ó." Ewé kejì hù lẹ́yìn etí rẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé oòrùn kò jìnnà sí orí igi mọ́. Sùúrù tán nínú mi, mo pariwo mọ́ ọn, mo ní, "Ṣé o kò gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di igi ni?" Ó ní, "Bàbá àgbà, bí mo bá di igi, ṣé màámi á dá mi mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju ẹ̀gún ọ̀pẹ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń padà. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kan orí igi, Ojúmẹ́rin sì ní kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú Àríwá ní, "Ọmọ, fi Àríwá hàn wá."

Àrìnpé nu imú. Mo rò pé ọwọ́ ni yóò nà, kò na ọwọ́. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó di ojú, ó ń gbé ojú rẹ̀ síbí, ó ń gbé e sọ́hùn-ún, títí oòrùn ìrọ̀lẹ́ fi bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Ó dúró. Ó la ojú, ó na ìka síwájú gan-an. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni." Imú ojú Àríwá tí eruku bò ni ìka náà kọ sí, kò yẹ̀ rárá. Ojú Àríwá ní, "Ta ló fi hàn ọ́?" Ó ní, "Kò sí ẹni tó fi hàn mí. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó síwájú ilé bàbá àgbà, mo máa ń wo ibi tí ọkọ̀ màámi gbà lọ. Oòrùn máa ń ta mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, kì í ta mí ní ìkejì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àríwá, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti rí màámi wá." Mo fẹ́ la ẹnu láti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé kò kan rírí, kò kan wíwá. Ẹnu mi wúwo, mo pa á dé.

Ojú kejì ní, "Ìlà-Oòrùn ńkọ́?" Ó ní, "Ibi tí oòrùn ti ń yọ tí màámi kò tíì dé." Ojú kẹta ní, "Ìwọ̀-Oòrùn?" Ó ní, "Ibi tó ń wọ̀ sí tí màámi kò tíì dé." Ojú Gúúsù ní, "Èmi ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ wà lẹ́yìn mi. N kì í wẹ̀yìn." Ojú Àríwá wá bi í ní èyí tó ṣẹ́ kù, ó rọra bi í, ó ní, "Ìwọ alára, apá wo ni tìrẹ?" Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ni mo kọ́ ọ nídìí awọ ẹtu pé apá wa ni, mo sì mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá àgbà wà níbí, màámi wà lọ́hùn-ún. Àárín wọn ni mo wà." Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbìyànjú láti wo ara wọn, ọrùn kò gbà fún wọn. Omi ń kán ní irùngbọ̀n ojú Gúúsù, n kò lè sọ bóyá ti òkun ni. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ń retí lápá méjì, a kò lè fi í ṣe ààlà. Gbé e, ọdẹ, máa lọ." Ilẹ̀ tu ẹsẹ̀ ọmọ náà jáde, ewé méjèèjì sì jábọ́ lẹ́yìn etí rẹ̀.

Mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, n kò dúró dúpẹ́. Nígbà tí a rí òrùlé abúlé, mo ní, "Àrìnpé, bí o bá mọ Àríwá tó báyìí, kí lo wá ṣe nínú igbó tó wà lápá Ìlà-Oòrùn?" Ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó ní, "Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni ọkọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní òkè ni, ẹ sì ní ẹ mọ gbogbo ilẹ̀ yìí." Mo gbé e délé, mo bu oúnjẹ fún un, mo wò ó bí ó ti ń fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́, n kò bá a wí. Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Ọdẹ́rónkẹ́, bóyá ilé dára tàbí kò dára, wá mú ọmọ rẹ." Ó ní, "Bàámi, ṣé ó ń yọ yín lẹ́nu ni?" Mo ní, "Púpọ̀púpọ̀. Tètè wá." Mo gbọ́ tí ó ń sunkún, ó ní òun ń bọ̀ bí oṣù bá parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo rí Àrìnpé níwájú ilé níbi tó máa ń jókòó sí, tí mo ti máa ń rò pé eré ló ń ṣe. Mo gbé àpótí ìjókòó mi lọ bá a. Ọmọ tèmi náà kúkú ni Ọdẹ́rónkẹ́, àárò rẹ̀ ń sọ mí, n kò kàn ní ẹni tí n ó máa bi láràárọ̀ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ọmọ náà fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ sún. Ẹ bo oòrùn mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, n kò ní mọ ibi tí màámi máa gbà wá." Mo ní àgbà kì í sún fún ọmọdé. Mo ní irú ọmọ wo lèyí. Mo kùn títí, mo gbé àpótí mi, mo sì sún.